Ìwé Rákélì, Ojú Oórì Ayọ̀bámidélé

Neukölln, Berlin
Ọjọ́ 12, oṣù kìíní, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ sì kú òtútù. Ṣé orúnkún yín ti dẹ̀? Ṣé Roseline ń ràn yín lọ́wọ́ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù irun yín? Mo pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday, àmọ́ "Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?" lẹ kàn ń pariwo títí mo fi já a. Dráyà irun tí ẹ ti ń dúró sídìí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ti jẹ etí yín, ẹ ò sì gbà kí dókítà fi nǹkan sí i. Ó dáa, lẹ́tà náà la ó máa kọ bí ẹ ṣe fẹ́, ní Yorùbá, láìfi Jámánì lú u.

Ìwé ìtàn tí mò ń kọ ti ń wọ̀ mí lára. Ẹ rántí pé mo sọ fún yín nípa ìwé àfọwọ́kọ kan tó wà ní Bibliothek, ilé ìkàwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Schöneberg. Ìwé àdúrà Àjọ Ìrékọjá àwọn Júù ni, awọ ẹran ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọkùnrin kan ló fi gègé kọ ọ́ ní ilẹ̀ Sípéènì, ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ọba lé àwọn Júù kúrò níbẹ̀, ìwé náà bá wọn sá lọ sí ilẹ̀ Pọtogí, ó ti ibẹ̀ dé Amsterdam, ó sì ti Amsterdam dé Hamburg yín níbẹ̀ yẹn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rákélì ló ni ín ní àdúgbò Altona. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó kú sí ojú ewé ìkẹyìn. Àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ gbé e wá sí Berlin. Nígbà ìjọba Násì, wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì kó àwọn fúnra wọn lọ pa. Ìwé ló ṣẹ́kù, nínú àpótí, nínú Keller kan lábẹ́ ilẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi ṣe ìtàn, gbogbo ọwọ́ tó gbà á kọjá.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ojú oórì Rákélì ṣì wà ní itẹ́ òkú àtijọ́ àwọn Júù ní Altona. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wò ó. Mi ò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Mo kàn fẹ́ mọ bí òkúta rẹ̀ ṣe rí lójú èèyàn, àti irú igi tó wà nítòsí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kì í lọ sí irú ibẹ̀. Ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín,
Dérìnsọ́lá


Hamburg
Ọjọ́ 20, oṣù kejì, 2025

Dérìn ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Orúnkún mi ò dẹ̀, àmọ́ a dúpẹ́. O ò wálé ní Kérésì, o ò wá lọ́dún tuntun, ìgbà tí o máa rántí ìyá rẹ, itẹ́ òkú lo rán an lọ! Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ló ń rán mi sí òkú. Ó dáa náà.

Roseline ló jẹ́ kí n lọ. Mo ka lẹ́tà rẹ fún un, ó ní, "Mama, make we go see am. No be our person dey there." La bá wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn. Ilẹ̀kùn irin ni wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin kan ló ṣí i fún wa. Mo dúró, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ wọlé. Ìgbà tí mo rántí pé mi ò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni ara mi tó balẹ̀.

Òkúta Rákélì ò nàró, ńṣe ló dùbúlẹ̀ bí ẹní. Wọ́n gbẹ́ ẹyẹ àti òdòdó sí i lára, ewéko tútù ti bo apá kan rẹ̀. Igi ńlá kan wà lórí rẹ̀, mi ò mọ orúkọ igi náà, òtútù ti gbọn gbogbo ewé rẹ̀ dànù. Ọkùnrin yẹn sọ fún wa pé àwọn Júù kì í tú ojú oórì. Tí wọ́n bá ti sin èèyàn síbì kan, ibẹ̀ ló ń gbé títí ayé, kò sẹ́ni tó máa ní kó dìde fún ẹlòmíràn. Ìyẹn wù mí, mi ò purọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Rákélì rẹ ò yé mi. Irú abiyamọ wo ló ń jókòó kọ orúkọ ọmọ tó kú sínú ìwé tí gbogbo ilé fi ń ṣàjọ̀dún? Ọmọ tó bá ti lọ, ìyá rẹ̀ kì í dárúkọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Má jẹ̀ẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, o mọ ohun tí mò ń wí.

Mo fi ẹ̀gúsí àti irú ránṣẹ́. Jọ̀ọ́, má gbé irú náà sílẹ̀ láìdé e bíi tìgbà yẹn, tí àwọn aládùúgbò rẹ lọ pe àwọn onígáàsì.

Màmá rẹ


Hamburg
Ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, 2025

Dérìn ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. Èmi Jẹ̀lílì, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, ni mò ń kọ̀wé sí ọ. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè ọ́, ẹnu mi ò gbà á.

O mọ̀ pé èmi àti bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, la gbé àbúrò rẹ Ayọ̀bámidélé lọ sílé ìkẹyìn rẹ̀ ní Hamburg níbí lọ́dún 2000, nígbà tí ibà mú un lọ ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ ò bá wa lọ. Kò béèrè ibi tí a gbé e sí títí dòní, bí àṣà ṣe wí. Bàbá rẹ ló ń tọ́jú ibẹ̀. Látìgbà tí a ti gbé òun náà lọ sin sílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi ni mò ń yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkúta náà, pé kí ẹbí wá sí ọ́fíìsì.

Mo lọ. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n ń yá èèyàn ní ilẹ̀ ojú oórì, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fún ọmọ náà, ó sì ti pé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ sí ìwé àfikún ọdún kí oṣù kẹfà tó parí, wọ́n á gbé òkúta kúrò, wọ́n á tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á gbin koríko. Mo ní kí n fọwọ́ sí i, wọ́n ní èmi kì í ṣe ẹbí. Mo ní ìwọ ńkọ́, wọ́n ní ẹ̀tọ́ bàbá rẹ ti bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, àfi kí ìyá rẹ fọwọ́ sí i, tàbí kí ó fi ìwé fà á lé ọ lọ́wọ́.

Ta ló fẹ́ sọ fún un? Èmi ò lè sọ ọ́. Kí n dúró níwájú abiyamọ kí n máa ṣàlàyé ojú oórì ọmọ rẹ̀? Ìwọ lo mọ bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má sọ ọ́ lójú korokoro. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi.

Alájì Jẹ̀lílì


Berlin
Ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà. Ìrìn àjò yín sí Altona ti sọ ìwé mi di ọ̀tọ̀. Irú náà dé, mo fi ike dé e, mo tún fi ọ̀rá wé e. Àwọn aládùúgbò ò tíì pe ẹnikẹ́ni.

Mo ti dé orí kan nínú ìtàn Rákélì tó ń dà mí láàmú, ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè bá mi dá sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin, kú ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ló lọ sin ín. Rákélì ò dé ibẹ̀ rí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá, bàbá ọmọ náà kú, àwọn aláṣẹ wá ní àwọn fẹ́ tẹ́ ojú oórì náà pẹrẹsẹ, àfi tí ìyá bá fọwọ́ sí ìwé kí oṣù kẹfà tó parí. Bí kò bá lè fọwọ́ sí i, ó lè ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ gbà á. Ọmọbìnrin náà ti ṣe tán. Kò ní kí ìyá lọ síbẹ̀, kò ní kí ó wo ohunkóhun.

Kí ni kí Rákélì ṣe, Màmá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn abiyamọ rò ó. Ohun tí ẹ bá sọ ni n ó ṣe, mi ò ní yí i padà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èsì yín pẹ́.

Dérìnsọ́lá


Berlin
Ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, 2025

Màmá mi,

Ṣé kò sí o? Mi ò rí èsì. Roseline ní ara yín le, ẹ kàn ń dákẹ́ ni. Tí mo bá ti sọ ohun tí kò yẹ, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun kan fún mi lórí ọ̀rọ̀ ọmọ Rákélì, ìbáà jẹ́ gbólóhùn kan. Oṣù kẹfà ti sún mọ́lé.

Dérìnsọ́lá


Hamburg
Ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, 2025

Dérìnsọ́lá,

Inú ló ń bí mi tí mi ò fi kọ̀wé. Ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà rẹ, omi ń já bọ́ lójú mi sórí irun oníbàárà. Ó béèrè pé kí ló dé, mo ní àlùbọ́sà ni. Àlùbọ́sà, ní ṣọ́ọ̀bù irun!

Ṣé o rò pé mi ò ní mọ ẹni tí ò ń wí? Ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá àti ọ̀rẹ́ bàbá. Mo mọ̀ ọ́n, Dérìn. Èmi ni mo bí i. O béèrè ọkàn abiyamọ, òun nìyí: mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, jẹ́ kí koríko hù sí i. Mi ò fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ rárá, kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa tẹjú mọ́ ọn. Má tún bi mí mọ́ láyé.

Màmá rẹ


Berlin
Ọjọ́ 8, oṣù keje, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta. Mo sunkún nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí, mo sì ṣe bí ẹ ti wí. Mo sọ fún Alájì pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wà níbẹ̀, ó sì ṣàdúrà. Wọ́n jẹ́ kó gbé òkúta náà lọ, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Kò ní gbé e wá síwájú yín láé, àfi tí ẹ bá fẹnu ara yín béèrè. Ẹ dárí jì mí pé mo bi yín.

Dérìnsọ́lá


Hamburg
Ọjọ́ 12, oṣù keje, 2025

Dérìnsọ́lá,

Òkúta wo?

Màmá rẹ


Berlin
Ọjọ́ 15, oṣù keje, 2025

Màmá mi,

Òkúta Ayọ̀bámidélé ni.

Kì í ṣe ìtàn ni mò ń sọ nínú lẹ́tà oṣù kẹrin. Kò sí ọmọ Rákélì kankan tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ojú oórì rẹ̀, àwọn Júù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ sọ fún mi. Alájì ló rí i pé ọdún tí wọ́n fún àbúrò mi ti pé, ìfọwọ́sí yín nìkan ni wọ́n sì máa gbà. Mi ò lè dárúkọ rẹ̀ sí yín létí. Mi ò dárúkọ rẹ̀ níwájú yín rí látìgbà tó ti kú. Mo fi Rákélì bò ó, mo rò pé ẹ̀yin á yọ ọ́ jáde. Ẹ wá kọ̀wé pé ẹ mọ ẹni tí mò ń wí, pé kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé mò ń bi yín?

Dérìnsọ́lá


Berlin
Ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, 2025

Màmá mi,

Mo tún kọ̀wé. Ẹ ò dá mi lóhùn láti oṣù keje. Mo wá sí Hamburg lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kanlẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Roseline ní, "Auntie Dérìn, she dey inside. She no wan see anybody." Mo padà sí Berlin bí mo ṣe wá.

Mi ò ní ẹ̀bẹ̀ tuntun. Mo kàn fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibi iṣẹ́. Wọ́n ti dá ìwé Rákélì padà fún ẹbí rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Lena ló wá gbà á láti Argentina. Ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti já ìwé náà gbà kí wọ́n tó mú un lọ pa. Ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ gígùn, ó ní ìwé náà ṣọ̀wọ́n, ó ní wúrà wà lára àwòrán rẹ̀. Lena ò wo wúrà. Ojú ewé ìkẹyìn ló ṣí tààrà, ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ Rákélì sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pè wọ́n wá jẹun. Ọmọ tó ti kú láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, Màmá! Ó ní ìyá ìyá òun kọ́ ìyá òun ní orúkọ wọn kí wọ́n tó gba ìwé náà, ìyá òun nìkan ló sá àsálà lọ sí Argentina, ó sì kọ́ òun. Mo bi í pé ṣé kì í dùn wọ́n. Ó ní, "Ó ń dùn wá. Tí a ò bá pè wọ́n, ta ló máa mọ̀ pé wọ́n wá sáyé?"

Mo jáde lọ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá n ó parí ìwé mi mọ́. Mo tọ ìwé àwọn ẹlòmíràn láti ìlú dé ìlú, ẹgbẹ̀ta ọdún, mi ò wá lè pa ojú oórì àbúrò mi mọ́ nínú ìlú tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Ọmọ yín,
Dérìnsọ́lá


Hamburg
Ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, 2025

Dérìnsọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ. Má bínú pé o wá tí mi ò ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ni mo wà. Mo rí òjìji ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ò kàn lè yí kọ́kọ́rọ́ ni.

O béèrè ohun tí mo rò. Nígbà tí mo ka ti ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn, mo rò pé o ti mú àbúrò rẹ, o ti fi ṣe ìtàn tí wọ́n máa tẹ̀, tí àjèjì á máa kà nínú ọkọ̀ ojú irin U-Bahn, tí wọ́n á pa á dé tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ. Inú ìwé rẹ ni mo ní mi ò fẹ́ kí ó wà. Inú ìwé, Dérìn, ibẹ̀ ni mo ní kí wọ́n ti tẹ́ ẹ. Ìyá wo ló máa ní kí wọ́n tẹ́ ojú oórì ọmọ òun pẹrẹsẹ? Mo bínú sí ọ, mo bínú sí Jẹ̀lílì. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé èmi ni mo kọ́ ọ pé a kì í dárúkọ rẹ̀. Báwo ni o ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó yẹn ni mo kà tí mo fi ránṣẹ́ pe Jẹ̀lílì. Mo ní kó mú mi lọ. Ó ní, "Ìyá Dérìn, wọn kì í ṣe é." Mo ní, "Alájì, gbogbo èyí tí wọ́n ń ṣe ni mo ti ṣe. Ẹ mú mi lọ."

Ọkàn mi ti sọ ibẹ̀ di òkèèrè, bí ìlú mìíràn. Ṣé o mọ̀ pé bọ́ọ̀sì tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ń débẹ̀? Bọ́ọ̀sì tí mo ń wò lójoojúmọ́! Nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, tó bá ti ibẹ̀ dé, erùpẹ̀ máa ń wà lára bàtà rẹ̀. Kì í sọ ibi tó lọ, èmi náà ò ní béèrè. Màá gbé bàtà náà lọ sí báńkónì, màá fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wẹ ọmọ. Bí mo ṣe ń bẹ ọmọ mi wò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

A débẹ̀. Jẹ̀lílì nàka síbì kan, ó ní ibí ni. Ó rìn síwájú, ó wo igi, ó ní rárá, ọ̀hún ni. Ojú rẹ̀ ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, koríko sì ti bo gbogbo rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí èkejì. Ó ní kí a lọ bi ọ́fíìsì, a bá a ní títì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní kó jókòó. Mo bọ́ bàtà mi, mo ń rìn káàkiri lórí koríko yẹn bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò mí. Wọ́n máa ń ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Tèmi kú, mo gbà. Ó wá tún nù.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo pè é sókè, gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Mo dúró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n jẹ́ ẹ, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò rántí ohùn rẹ̀ mọ́. Mo rántí ojú rẹ̀. Mo rántí eyín tó ká lọ́sẹ̀ tí ibà dé. Ohùn rẹ̀ ti lọ, Dérìn, mo wá a títí, mi ò rí i.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ nígbà yẹn, yàrá kan náà lẹ jọ ń sùn, ẹ̀yin méjèèjì kì í dákẹ́. Má kọ lẹ́tà mọ́, wá. Wá jókòó tì mí, kí o sọ fún mi bó ṣe máa ń pè mí.

Èmi ni,
Ìyá Ayọ̀bámidélé